Ṣé ẹ ti ṣírò owó ìdúró?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti bí oṣù mélòó kan, ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ jápa má jáde lójú ewé yín. Apá kan ń bú ẹni tó ń lọ, apá kejì ń fi ẹni tó dúró ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjà yẹn ò ran ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá èèyàn yẹ ìwé wò kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún físà, ibi tí mo sì rí pé ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù ni mo fẹ́ kọ sí yín. Owó ọkọ̀ ni àwọn èèyàn wa ń ṣírò: físà, tíkẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀jẹ́ńtì. Owó ìdúró, ìyẹn owó tí èèyàn ó fi wà níbẹ̀ lọ́dún kejì àti ọdún kẹta nígbà tí físà àkọ́kọ́ bá tán, ọkàn wọn kì í lọ síbẹ̀ rárá.

Ẹ wo mástà ọlọ́dún kan ní Ìlú Ọba, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìbàdàn ń gbà lọ. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ náà ń gba £16,000, kò sì sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2025, owó físà jẹ́ £524. Owó ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS jẹ́ £776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n físà mástà olóṣù 12 máa ń gùn ju ọdún kan lọ, nítorí wọ́n máa ń fi oṣù mẹ́rin kún un lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọ́n á sì gba owó ìdajì ọdún lé e. £1,164 ni yóò jáde lójú kọ̀ǹpútà, kò ní jẹ́ £776. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ń kọsẹ̀: wọ́n á dé ibi ìsanwó, owó inú káàdì ò ní tó, ọjọ́ á sì máa lọ.

Owó àfihàn, ìyẹn owó tí ẹ ó fi hàn pé ẹ ní ohun tí ẹ ó fi gbọ́ bùkátà níbẹ̀, ló tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2025, ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò sí ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ fi £1,171 hàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́sàn-án gbáko, àpapọ̀ rẹ̀ £10,539. Ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £1,529 lóṣù, ó di £13,761. Ẹ óò tún fi owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ò tíì san kún un. Owó yìí gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 léraléra. Bó bá fi ọjọ́ kan péré lọ sílẹ̀, ẹ tún un kà láti ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ tí ọjọ́ 28 náà sì parí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ fi ìwé físà ránṣẹ́.

Ẹni tó fi náírà pa owó yẹn mọ́ tún ní ewu mìíràn. Iye tí náírà bá jẹ́ lórí OANDA, ojúlé ayélujára tó ń sọ iye pàṣípààrọ̀ owó, lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò, wọn ò mọ iye tí àwọn aboki Sábó ń tà á. Ká fi pọ́ùn kan sí ₦2,000 kí ìṣirò lè rọrùn: £10,539 jẹ́ ₦21,078,000. Ẹni tó kó ₦21,500,000 síbẹ̀ rò pé òun ti yege. Bí pọ́ùn bá gun ₦2,100 lọ́jọ́ tó fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́, ₦22,131,900 ni wọ́n ń wá, ó ti já nìyẹn. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ mú wá.

Àkáǹtì ta ni? Tiyín, tàbí ti òbí tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Manchester ò lè fi tirẹ̀ dúró fún yín, àbúrò bàbá yín ò lè ṣe é, pásítọ̀ tàbí àáfáà tó fẹ́ràn yín ò lè ṣe é. Bó bá jẹ́ ti òbí, ẹ nílò ìwé ọjọ́ ìbí tí orúkọ òbí náà wà nínú rẹ̀, àti lẹ́tà tí òbí fọwọ́ sí pé òun yọ̀ǹda owó náà. Ìwé ọjọ́ ìbí ti àjọ ìkànìyàn (NPC) ni kí ẹ tètè wá lọ gbà, ẹ má dúró dìgbà tí ọjọ́ 28 bá ti ń kà. Kí ẹ sì tẹ́ gbogbo ìwé yín sílẹ̀ lórí tábìlì kan ṣoṣo kí ẹ wo orúkọ. Ẹni tó jẹ́ Adébáyọ̀ lórí WAEC, tó jẹ́ Báyọ̀ ní báǹkì, tí orúkọ àárín rẹ̀ sì sọnù lórí NIN, iṣẹ́ oṣù méjì wà níwájú rẹ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀ físà. Pásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ ti di ₦100,000 fún olójú ewé 32 ọlọ́dún márùn-ún, àti ₦200,000 fún olójú ewé 64 ọlọ́dún mẹ́wàá, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2025. Ẹ má lọ fi orúkọ tó dojú rú gbà á.

Àwọn kan ń yá ènìyàn ní owó àfihàn. Wọ́n á kó owó sí àkáǹtì yín fún oṣù kan, ẹ ó san èlé, wọ́n á sì kó o padà. Bí Ìlú Ọba bá pe báǹkì tí ìwé sì rí bíi jìbìtì, ìfòfindè ọdún mẹ́wàá ni. Ti Kánádà jẹ́ ọdún márùn-ún. Kódà bí físà bá jáde, ẹ ti dé ilé onílé tí kò sí owó oúnjẹ lọ́wọ́ yín, torí owó tí ẹ fi hàn ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ bó ṣe wà ní ọdún 2025: £16,000, £524, £1,164 àti £10,539. Ó di £28,227. Ní ₦2,000, ₦56,454,000 ni, tíkẹ́ẹ̀tì àti àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ò tíì sí níbẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà látọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Oṣù 807 ni ẹni tó ń gba iye yẹn yóò fi ṣiṣẹ́ láìjẹ láìmu kó tó pé, ó lé ní ọdún 67. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Ajíbọ́dé àti ṣọ́ọ̀bù Gbági fi ń wọ ọjà. Ẹni tó sì ń ta ilẹ̀ lábẹ́ ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ fún un, kì í tà á ní iye tó yẹ. Ẹni tó ń rà á ti mọ̀ pé ọjọ́ ń lé e.

"Èmi á ṣiṣẹ́ san ìyókù nígbà tí mo bá débẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń gbé èèyàn sínú kòtò jù. Akẹ́kọ̀ọ́ mástà ò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́. Owó wákàtí tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 21 jẹ́ £12.21 láti oṣù Kẹrin 2025 títí di oṣù Kẹta 2026, ọdọọdún ni wọ́n sì ń yí i padà. Nígbà náà, wákàtí 20 jẹ́ £244.20 lọ́sẹ̀, nǹkan bíi £1,058 lóṣù. Ẹ yọ owó yàrá kan nínú ilé alájọgbé, owó bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, fóònù. Ohun tó kù ò lè san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá sì yọ́ ṣe wákàtí 35 ti fi físà rẹ̀ wewu, nítorí owó orí tí wọ́n ń yọ ń sọ iye wákàtí tó ṣe fún ìjọba.

A ti rí bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 lọ́wọ́ ìjọba ti ń sáré yí ₦1,500 ká ní oṣù Kejì 2024. Àwọn tó ti san ìdajì tí wọ́n sì gbójú lé ilé fún ìdajì yòókù, ilé ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n san án tàbí kí wọ́n jáde. Ní ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní àríwá England yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí èyí, ó sì fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ìjọba. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti yọwọ́, físà ti kú nìyẹn. Torí náà, bí ẹ ò bá lè ya gbogbo owó ilé ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn, ẹ sún un sí ọdún tó ń bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ lè sún ìgbàwọlé yín síwájú bí ẹ bá tètè kọ̀wé.

Ẹ sì rántí pé láti oṣù Kìíní 2024, ẹni tó ń ṣe mástà lásán ò lè mú ọkọ tàbí ìyàwó àti ọmọ dání mọ́. Ìdílé tó bá ta ilé nítorí kí gbogbo wọn lè jọ lọ, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń rà.

Lẹ́yìn mástà ni owó ìdúró gan-an bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, físà tí wọ́n ń fún ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde jẹ́ £880, owó ìlera rẹ̀ £1,035 lọ́nà ọdún méjì, àròpọ̀ £2,950, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gbà á. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2027, oṣù 18 ni yóò gbà. Kó tó tán, ẹ gbọ́dọ̀ rí agbanisíṣẹ́ tó ní àṣẹ ìgbọ̀wọ́, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó gboyè, owó ọdún rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó £41,700 láti oṣù Keje 2025. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ lè fi £33,400 wọlé, fún ìgbà díẹ̀. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹni tó fẹ́ lọ kàwé nìyí: iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ ṣe tí wọn yóò san £33,400 fún yín láàárín oṣù 18? Ẹni tó ní ìdáhùn, ó lè lọ. Àwọn míì á ní "mo máa wọ care". Ó dára, ẹ jẹ́ ká débẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó wà lókè òkun ní oṣù Kejì 2022. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ fún iṣẹ́ náà ò lè mú ìdílé wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa: kò sí ẹni tó wà ní Nàìjíríà tó lè gba físà tuntun láti lọ ṣe é mọ́. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn kan ń ta CoS care, ìyẹn ìwé ìgbọ̀wọ́ agbanisíṣẹ́ fún iṣẹ́ ìtọ́jú yìí, ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà fún ọmọlúàbí. Ohun tí kò sí ni wọ́n ń tà. Agbanisíṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ san owó CoS, òfin ò gbà kó gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé CoS ka iwájú yín bí ẹní gbé ẹja kíká, ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹ lọ wo ìwé orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo bóyá ó wà níbẹ̀, ẹ sì wo irú físà tí wọ́n fún un láṣẹ lé lórí. Ẹ tún lọ sí ojúlé Companies House, ibi tí ilé iṣẹ́ Ìlú Ọba ti ń forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lójú ìwé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ má pe èyí tí ẹ̀jẹ́ńtì kọ fún yín, torí wọ́n ń jí orúkọ ilé iṣẹ́ gidi lò. Ẹni tó bá sì ti débẹ̀ tí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un láti rí onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kó kẹ́rù rẹ̀.

Ti àwọn nọ́ọ̀sì yàtọ̀, ọ̀nà wọn ṣì wà. Máàkì IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́dọ̀ jẹ́ 7 ní kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 ní kíkọ. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn CBT, ni wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà níbí. OSCE, ìdánwò ìfọwọ́ṣe, ni wọ́n ń ṣe ní Ìlú Ọba, £794 ni. Láti oṣù Kẹta 2024, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ò ní fi ìwé ẹ̀rí yín ránṣẹ́ sókè òkun bí ẹ ò bá tíì fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé àṣẹ, torí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kó má tíì lọ sanwó ohunkóhun. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n má wá máa kó òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé síṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìbàdàn tó ní òun ń gbà wọ́n sílé ìwòsàn ìjọba Ìlú Ọba, ẹ fura. Ẹ má sì gba ìrànwọ́ kankan nínú yàrá ìdánwò. Ní ọdún 2023, NMC, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba, kéde pé èsì CBT láti ilé ìdánwò kan níhìn-ín ní Ìbàdàn mú ìfura dání, àwọn tí kò ṣe màgòmágó náà sì ní láti tún un ṣe. Owó oṣù nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀rẹ̀ ní England jẹ́ £31,049 lọ́dún ní 2025. Lẹ́yìn owó orí, National Insurance (owó adójútòfò ìjọba) àti owó ìfẹ̀yìntì, nǹkan bíi £2,000 ló ń wọlé lóṣù. Ẹ fi ìyẹn díwọ̀n owó ilé àti iye tí ẹ ṣèlérí fún ìyá yín ní Ọ̀jẹ́.

Kánádà ò béèrè onígbọ̀wọ́ nínú Express Entry, ètò tó fi ń fi máàkì yan òṣìṣẹ́ tí yóò wá gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ń jẹ máàkì: láti ọdún 30 ni ó ti ń lọ sílẹ̀, ní 45 kò sí nǹkan kan mọ́. Transcript gbọ́dọ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ yín lọ tààrà sí WES, àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó IELTS, torí ọdún méjì péré ni IELTS ń lò kó tó kú. Ní oṣù Keje 2025, owó àfihàn di dọ́là Kánádà 15,263 fún ẹnì kan, 28,362 fún ẹni mẹ́rin. Báǹkì yóò kọ ìpíndọ́gba oṣù mẹ́fà sínú lẹ́tà, yóò sì kọ gbèsè yín. Owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lánàá ń hàn. Láti oṣù Kẹta 2025, lẹ́tà iṣẹ́ ò fún èèyàn ní máàkì kún tirẹ̀ mọ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí "job offer Kánádà" tí wọ́n ń tà ní gbànjo fi jẹ́ ìwé lásán fún Express Entry. Jámánì ní Chancenkarte láti oṣù Kẹfà 2024, ọdún kan láti wá iṣẹ́, máàkì mẹ́fà, €1,091 lóṣù ní 2025, ìyẹn €13,092 nínú àkáǹtì tí wọ́n dè. Èdè Jámánì A1 tàbí Gẹ̀ẹ́sì B2 tó láti wọlé. Kó tó láti rí iṣẹ́ ni mi ò rò.

Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ sí 50 tún ní ìṣirò tiwọn. Ọ̀pọ̀ ní àwọn á lọ ṣiṣẹ́ díẹ̀, àwọn á sì padà wá jẹ owó ìfẹ̀yìntì Ìlú Ọba ní Akóbọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ibẹ̀ nílò ọdún mẹ́wàá tí ẹ san National Insurance, ọdún 35 kó tó pé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀ ní ọdún 2025 sí 2026. Ẹni tó san ọdún 12 yóò gba nǹkan bíi £79. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé bí ẹ bá ń gbé Nàìjíríà, iye tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó máa gbà lọ títí. Àwọn tó dúró síbẹ̀ ni wọ́n ń fi kún tiwọn lọ́dọọdún. £79 oní, £79 ni lẹ́yìn ọdún 15, gàrí Bódìjà ò sì ní dúró dè é.

Nílé níbí, ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ọdún 50 lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó inú RSA rẹ̀, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, bí oṣù mẹ́rin bá kọjá láìríṣẹ́ mìíràn. Ìyókù á dúró. Ẹ má ṣe kà á mọ́ owó ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ dán an wò kó béèrè ìsinmi àìgbowó, kó sì gba ìwé ìfọwọ́sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti lọ sókè òkun tó ṣì ń gba owó oṣù ìjọba nílé, Ààrẹ ti pàṣẹ ní oṣù Kẹfà 2024 pé kí wọ́n gba owó náà padà. Bí ẹ bá ní ilé, ẹ lọ bá lọ́yà ṣe ìwé àṣẹ fún ẹni tí yóò máa gba owó ilé kí ẹ tó lọ. Ó rọrùn níbí. Lókè òkun, ẹ ó wá notary, ẹ ó sanwó lé e, ẹ ó sì fi ránṣẹ́, ọmọ onílẹ̀ ò ní dúró de nǹkan yẹn.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin gan-an, Olóòtú. Àwọn ìwé ìròyìn wa ń gba ìpolówó àwọn tó ń kó èèyàn lọ sókè òkun, nígbà míì lójú ewé kan náà tí a ti ń ka ìròyìn ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Òfin ní kí ẹni tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Iléeṣẹ́ Ètò Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Kí ẹ tó gbé ìpolówó kan jáde, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ yẹn wá, kí ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sábẹ́ ìpolówó náà. Èyí tó bá sì kọ "care visa, Ìlú Ọba, owó díẹ̀" sínú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un.

Èmi ni olùkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.